Nunziata Méjì Nínú Ilé Kan

Ojúlé 24, Òpópónà Spruce,
Harrow Mills,
Rhode Island.
Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kejì, 1914.

Ọ̀gá tó ń mójú tó Wíwá sí Ilé-Ìwé,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́,
Harrow Mills.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ NUNZIATA PELLECCHIA TÍ Ẹ FẸ́ WÁ MÚ LỌ́JỌ́ AJÉ

1. Èmi ni ìyá Nunziata. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òṣìṣẹ́ yín sọ pé ẹ ó mú un lọ sí ilé àwọn ọmọ tó ń sá nílé-ìwé. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rọ òwú gé mi níka, nítorí ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

2. Ọ̀gá, ọmọ mi kì í sá nílé-ìwé. Kíláàsì Mísì Hadley ló wà, àpá iná tí ẹ lè fi dá a mọ̀ sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Mísì léèrè.

3. Ní ìlú tí a ti wá, ọmọbìnrin tí ọkùnrin bá kọ́kọ́ bí, orúkọ ìyá bàbá ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọkùnrin tó bá kọ̀ ọ́ ti tàbùkù ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ìyá kan náà ló bí ọkọ mi àti Sabato ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọdún kan náà ni a sì bí ọmọbìnrin àwọn méjèèjì. Sabato ń gbé lókè, àwa wà nísàlẹ̀. Nunziata Òkè àti Nunziata Ìsàlẹ̀ ni à ń pè wọ́n. Ilẹ̀kùn wa ni òṣìṣẹ́ yín kọ́kọ́ kàn.

4. Ìyá ọkọ mi ló ṣílẹ̀kùn. Kò gbọ́ èdè yín, àmọ́ ó gbọ́ Nunziata Pellecchia, ó ní, "Èmi rèé o! Kí ni mo ṣe?" Òṣìṣẹ́ yín bínú, ó ní à ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá, ta ló jẹ́ fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́? Orúkọ màmá nìyẹn.

5. Nunziata Òkè ló ń jókòó sílé. Ìyá rẹ̀, Assunta, ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ọmọ ọwọ́ sì wà nílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni bàbá rẹ̀ wà láti àárọ̀ dalẹ́, ojú ìyá àgbà ò sì ríran dáadáa mọ́. Ta ni kó gbọ́mọ? Sabato ò mọ̀ pé mo ń kọ̀wé yìí. Bó bá mọ̀, kò ní bá wa jẹun mọ́ láéláé, mi ò sì ní lè dá a lẹ́bi.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Bí ẹ bá sì máa gòkè lọ́jọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì ni kí ẹ rán, ẹ má rán ọlọ́pàá.

7. Èmi ò mọ̀wé kọ. Nunziata mi ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọmọ òkè, ó gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní, "Mámà, ẹ má jẹ́ kí n kọ ìyẹn. Abẹ́ aṣọ kan náà la jọ ń sùn." Mo ní kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí ìyá tó ń bẹ̀ yín.

Èmi ni tiyín, tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù,

X
(àmì ọwọ́ Gaetana Pellecchia,
òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú)