Òfin Má-Kàwé-Nílé Tí O Fi Ránṣẹ́ Sí Wa

Ọmọ mi obìnrin tí mo fi ń yangàn láàárín àwọn káfíńtà ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé gíga yẹn, pàápàá àpótí tó ń gbé yín lọ sókè, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ lágbedeméjì. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ojú ò ní tì ọ́ níbi iṣẹ́, inú ọ̀gá rẹ á máa dùn tó bá ti rí ọ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún màmá rẹ ṣì ń dùn ún, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò dùn ún rárá, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ká páànù kan kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù mi, ìgbà tí a máa fi rí i, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa ti fi bo ilé adìẹ ẹ̀, ó ní òun rò pé ẹ̀bùn ni.

Fóònù tí o rà fún mi ṣì wà láàyè. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ síwájú ara ẹ̀ pé òun ti kún. Mo dojú ẹ̀ dé, mo gbọ̀n ọ́n, mo tún un gbọ̀n, nǹkan kan ò jáde, ni mo bá dín ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ sínú ẹ̀ kù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí o bá pè mí báyìí, ẹ̀n àti ẹ̀n-ẹ́n nìkan ni mò ń dáhùn. Má bínú, mi ò fẹ́ kó bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù tó kún ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ mi, àyà mi ṣì ń já títí di ìsinsìnyí nítorí ohun tí o kọ ránṣẹ́ sórí ẹ̀. Mo kà á lórí ìjókòó, mo dìde, mo tún un kà lórí ìdúró, ohun kan náà ló sọ. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí o fojú ara rẹ rí i, kí o má baà ní mo parọ́ mọ́ ọ:

Baba, e jowo, e ma je ki awon omo kawe nile lojoojumo. Oro naa ka mi lara pupo.

Mo mọ̀ pé fóònù rẹ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́. Ṣé èmi tí mo fi ẹnu yìí sọ èdè yìí dàgbà ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àmì kí n tó mọ ohun tọ́mọ mi ń sọ? Mo kà á bó ṣe yẹ kí wọ́n kà á. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kàwé nílé. Háà! Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń jókòó sórí ayùn mi láìmọ̀, nítorí pé ojú rẹ wà nínú ìwé? Ìwọ tí o máa ń kàwé sí mi létí tí mo bá ń fá pákó, tó jẹ́ pé inú ìwé rẹ ti kíláàsì kìíní ni èmi bàbá rẹ ti mọ ìwé kà? Ìwọ náà kọ́ lo di páálí ìwé mọ́ ẹrù àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa, tí awakọ̀ ń béèrè bóyá irin ló wà nínú ẹ̀? Orí mi wú. Màmá rẹ ní bóyá mi ò kà á dáadáa. Ó dùn mí o. Mo ní M àti A, lẹ́tà méjì péré, kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò ní lè kà? Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ìyẹn ọmọ rẹ obìnrin, torí orúkọ tí a ń pè é níbí nìyẹn, o sì mọ ìdí ẹ̀, ní kí n jẹ́ kí òun bá mi wò ó. Mo ní rárá o, ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Mo wá ronú títí. Mo ní àbí ìjọba ti ń gba owó lórí ìwé kíkà nílé ni, bí wọ́n ṣe ń gba owó iná, kó jẹ́ pé mítà kan wà tí wọ́n so mọ́ ògiri yín tó ń ka iye ojú ìwé tí ẹ bá ṣí. Aránṣọ ní kì í ṣe ìyẹn. Ó ní àìsàn ni, pé òun gbọ́ pé kòkòrò kan wà ní ìlú ńlá tó máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà, tó bá sì lè wọ inú irin, kí ni kò ní wọ inú bébà? Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí létí. Màmá rẹ ń pariwo pé orí wa ti yí, àmọ́ a sá gbogbo ìwé náà sóòrùn, a yẹ̀ wọ́n wò lójú-ewé lójú-ewé, a ò rí kòkòrò kankan.

Mo gbà kámú. Ìwọ lo kàwé jù nínú ìdílé wa, tí ìwọ bá ní ìwé ò dáa nílé, ta ni mí tí mo fi máa jiyàn? Mo kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kàn fún màmá rẹ nígbà tí a bí ọ, mo fi ìṣó kan ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Mo pe àwọn ọmọ, mo ní gẹ́gẹ́ bí ìyá yín ṣe pàṣẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàwé nínú ilé yìí mọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló wá yà mí lẹ́nu. Ṣé o mọ̀ pé Tẹríba ni mò ń pè é? Ọjọ́ tí wọ́n dé, mo rí i tó tẹríba sí igun pálọ̀, kò gbójú sókè títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Mo ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn, mo ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n rọra, pé ọmọ mi kọ́ ọmọ ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ Ọlọ́run, àfìgbà tí màmá rẹ gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá tó rí i pé àwọn kan ló ń gbá bọ́ọ̀lù nínú fóònù ẹ̀. Ó wá di ọjọ́ tí mo ka òfin rẹ jáde yìí, Tẹríba gbórí sókè. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú ọmọ náà tán, ó sì jọ ọ́ gan-an. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni, ṣé ẹnì kankan ò ní ní kí òun kàwé mọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀, ó jáde lọ.

Èèmọ̀ ló tẹ̀lé e. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tójú ẹ̀ bá ti rí. Ó ka ara agolo gọ́ọ̀mù mi, ó ka bébà ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi ń di ìṣó fún mi, ó ka ẹ̀yìn ọṣẹ. Mo rí i tó ń ka kàlẹ́ńdà, ni mo bá dojú kàlẹ́ńdà kọ ògiri. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí a wà nínú ilé wa mọ́, ohun tó fà á tí o ò fi rí déètì lórí lẹ́tà yìí nìyẹn. Ó wá kó bébà ìṣó jáde sí ìta, ó ní nílé ni mọ́mì òun sọ, ìta kì í ṣe ilé. Ọ̀rọ̀ náà dá mi dúró. Mo mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì, mo wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé ibi tí òrùlé parí sí, mo fa ìlà, mo ní inú ìlà yìí ni ilé. Ọmọ yìí gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀yìn ìlà gan-an, ó ń kà á sókè ketekete. Ìròyìn ọkùnrin kan tó sọnù sórí òkun ni. Mo dúró tì í, mo ń gbọ́, bébà náà ya níbi tí ọkùnrin náà ti rí ilẹ̀, inú bí mi débi pé mo lọ tú gbogbo ìṣó tó kù nílẹ̀ láti wá ìyókù. Mi ò rí i. Màmá rẹ ní ṣé èmi nìyí tí mò ń ṣọ́ òfin.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oníbàárà gbé àga wá, mi ò rí òòlù mi. Òòlù tí mi ò kì í yá ẹnikẹ́ni! Mo sáré lọ sílé. Mo gbọ́ ohùn kan nínú yàrá, ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti ọkùnrin. Mo yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ti to àwọn ìṣó náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó wọ́, pákó ò sì fi ibì kankan là, èmi fúnra mi kì í yọ ìṣó kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Òòlù mi wà nílẹ̀. Tẹríba ló jókòó tì í, ìwé ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹríba! Fóònù ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò tiẹ̀ wò ó. Mo ti la ẹnu láti pariwo, kí n tó wá gbọ́ bó ṣe ń kà á.

Ó ń fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á kà á dé ibì kan, á há, á padà sẹ́yìn, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n fẹ́ máa hù! Mo ń retí pé àbúrò ẹ̀ máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀ parí lójú ọmọ yẹn. Ó dákẹ́. Ó fọwọ́ lérán, ó ń dúró de ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Màmá rẹ na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sílẹ̀, ó ń bi í pé ẹ̀n, lẹ́yìn náà ńkọ́? Ìgbà tó rẹ Tẹríba, ó gbé ìwé lé orúnkún, ó wá sọ fún màmá rẹ pé kò tíì sígbà kan tí òun mọ ìwé kà dáadáa. Ó ní nílé ìwé, wọ́n máa ń fo òun tó bá kan òun. Ó ní tí o bá ní kí òun kàwé nílé, tí òun bá há, o máa ń mí sókè, o sì máa gba ìwé lọ́wọ́ òun, o máa kà á parí. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń tẹjú mọ́ fóònù kí ẹnikẹ́ni má baà pe òun. Ó wá ní láti ọjọ́ tí òfin ti dé, kò sẹ́ni tó ń retí kí òun kà á láìhá mọ́, òun ní kí òun gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ọmọ tó ń lọ ilé ìwé láti kékeré, tó ń jẹun lójú wa, tó ń sùn lójú wa, òun ló ń gbé irú ẹrù yìí kiri láìsí ẹni tó mọ̀! Mo bínú, mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Mi ò dá ọ lẹ́bi o, mo mọ bó ṣe máa ń rẹ̀ ọ́ tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo fẹ̀yìn rìn jáde, mo fi ojúgun gbá àpótí, mi ò ké. Òkúta ni mo fi kan àga oníbàárà lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè wọlé lọ mú òòlù mi.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń bọ̀ nílé, ojú ọ̀nà ni mo ti máa ń wúkọ́, kí wọ́n lè ráyè kó ìwé pa mọ́. Màmá rẹ ti ń fún mi ní oògùn ikọ́, mo sì ń mu ún. Lánàá, mo dúró lábẹ́ fèrèsé, Tẹríba ka odidi ojú ìwé kan láìhá níbì kankan. Àbúrò ẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó tún sáré fọwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, wá nǹkan fi ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra ìwé, èyí tó wà nínú páálí ti fẹ́ tán, màmá rẹ sì ní òun ò lè sùn láìgbọ́ ìtàn mọ́. Má fi owó náà sí báńkì o. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní mi ò gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, mo sì pa á mọ́ débi pé èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́. Fún awakọ̀ kó mú un wá.

Ọlọ́run á fún ọ ní ìsinmi lẹ́yìn làálàá, àwọn ọmọ rẹ á mú orí rẹ yá, ayọ̀ wọn á kàn ọ́ lára. Tí Tẹríba bá padà sọ́dọ̀ rẹ, tó ń kàwé tó há, má gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Jókòó tì í, bó ti wù kó pẹ́ tó. Láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, kò sóhun tí o ní kí n ṣe tí mo kọ̀. Èyí ni mo kọ̀. Tí o bá sì tún kọ òmíràn ránṣẹ́ pé kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ kàwé, mi ò ní kà á.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.