Ìbọn Onídìí Rọ́bà Gun Òkè Attécoubé

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Èmi Ràímì télọ̀ ló ń kọ ọ́. Bàbá Mùsá, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Lásísì, ọmọ àgbẹ̀, ló ń sọ ọ́, torí wọn kò mọ̀wé, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọ̀rọ̀ òní padà.

Ọ̀rọ̀ Bàbá rè é: Mùsá ọmọ mi ní bí n kò bá lè gbé ìbọn tuntun tí mo fẹ́ rà gun òkè Attécoubé, àdúgbò wa nílẹ̀ òkèèrè níbí, délé láìsinmi, kí n má lọ dọdẹ ìgalà mọ́ nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí mo ti ń ṣe lọ́dọọdún. Mo gbà.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn, ìbọn onídìí igi ni Mùsá nawọ́ sí. Igi! Onídìí igi tí mo ní tẹ́lẹ̀ mumi òjò títí ó fi wú, kò ṣeé yìn, ìgalà sì sá lọ lójú mi. Mo mú onídìí rọ́bà, tó fúyẹ́, tí irin rẹ̀ kì í dípẹtà.

"Bàbá, ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn."

"Ṣé ìwọ lo máa gbé e?"

Òjò bá wa nídìí òkè. Mo gbé àpò ìbọn kọ́ èjìká, mo ń lọ. Mùsá ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọ takisí!"

Mo délé ṣáájú rẹ̀ láìsinmi, mo nu omi kúrò lára ìbọn, ó ń dán. Ìgalà á mọ̀ mí lọ́dún yìí!

Àmì àtàǹpàkò Bàbá nìyí. Ẹlẹ́rìí: Ìyá Mùsá, àti Mùsá fúnra rẹ̀, tí Bàbá ní kó fọwọ́ sí i kó tó jẹun.