Bẹ́ẹ̀dì Tí Mo Ń Tẹ́ Láràárọ̀

Máfolúkù,
Ọjọ́rú, oṣù kejì ọdún 1962.

Ọmọ́wálé ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n ka ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ yìí fún ọ, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn gan-an. Mo jáde lọ ṣe àlùwàlá, mo padà wọlé. Mo rí ẹní mi nílẹ̀ níbi tí mo sùn sí. Mo rí bẹ́ẹ̀dì tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí ṣíìtì funfun lórí bẹ́ẹ̀dì náà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká wọlé dáadáa. Mo rí ìrọ̀rí méjì. Mo rí ewúrẹ́ Bàbá Ògúnlànà aládùúgbò wa tó gbé orí lé ọ̀kan nínú ìrọ̀rí náà, tó di ojú méjèèjì, tó ń sùn.

Ó yá, mo kí ọ nísinsìnyí. Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ra epo tó dáa níbẹ̀? Ọmọ kékeré ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ bí o bá ń sọdá ojú irin ní Èbúté Mẹ́tta, kí ọ̀gá rẹ lọ́fíìsì máa rí iṣẹ́ rẹ kó máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa nílé wà dáadáa, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣe àríyànjiyàn. Ṣubúọlá àbúrò rẹ ló ń kọ ìwé yìí. Mo ní kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má yọ nǹkan kan, o sì mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í rí.

O kọ̀wé pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì ní Rẹ́sì-háòsì pápá ọkọ̀ òfurufú, níbi tí mo ti fi ọdún méjìlélógún fọ ṣíìtì, tí mo sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn èrò tó ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè, mi ò tíì jẹ nǹkan kan nínú owó tí mo fi pamọ́ sí pósíọ́fíìsì. O ní kí n lọ gbà nínú rẹ̀, kí n fi ra bẹ́ẹ̀dì, kí orúnkún mi yé bá ilẹ̀ jà. Mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Èmi àti Ṣubúọlá lọ, akọ̀wé tó wà lẹ́yìn wáyà sì fún wa ní fọ́ọ̀mù. Mo ní kí Ṣubúọlá kọ sínú rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ fi rà, pé mi ò fẹ́ ná ìnákúnàá. Ó ní kò síbi tí wọ́n ti bi wá léèrè bẹ́ẹ̀. Mo rò ó pé ìjọba kàn gbàgbé ni, nítorí náà mo sọ ọ́ fún akọ̀wé náà lẹ́nu, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ṣàlàyé orúnkún mi fún un. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìwé dé láti Èkó pé kí wọ́n fún mi. Ọmọ́wálé, wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ orúnkún mi l'Ékòó, wọ́n sì gbà! Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí o bá ń kọjá.

Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fún mi kì í ṣe owó mi. Ṣé o rántí pé bí mo bá gbowó oṣù, mo máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kí n tó lọ fi pamọ́? Èyí tó rún bí ewé ẹ̀kọ ni wọ́n kó fún mi. Mo ní kí akọ̀wé náà lọ wò ó dáadáa lẹ́yìn, pé tèmi máa ń gan, ó sì ń rùn bí ọṣẹ. Ó bojú wòkè, ó ní owó kan náà ni gbogbo owó. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní ìyá, bóyá owó yín ti rìnrìn àjò, ẹ gba èyí kí tiwa náà lè dé ọwọ́ wa. Mo gbà á. Nígbà tí a délé, mo dáná sí áyọ́ọ̀nù, mo lọ gbogbo rẹ̀ kí n tó lè fi síwájú káfíńtà.

O ní kí n fóònù ọ́ láti sọ bó ṣe lọ. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà fóònù yẹn gba iwájú ilé àwọn èèyàn kọjá láti Òṣòdì títí dé ọ̀dọ̀ rẹ, mi ò sì fẹ́ kí gbogbo ará Muṣin mọ̀ pé mo ń ra bẹ́ẹ̀dì.

Táòfíkì káfíńtà ló kàn án, ó sì kàn án dáadáa. Tìmùtìmù òwú àràbà ló wà lórí rẹ̀. Táòfíkì ní kí n dùbúlẹ̀ wò ó kí òun tó lọ, mo ní kó máa lọ, pé kò sẹ́ni tó mọ bẹ́ẹ̀dì tó mi ní gbogbo Máfolúkù. Mo rẹ ṣíìtì sínú búlúù, mo fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ. Bí mo ṣe tẹ́ ẹ tán, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, bí a ṣe máa ń dúró de ọ̀gá ní Rẹ́sì-háòsì kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo tẹ́ ẹní mi sílẹ̀, mo sùn. Ọjọ́ mọ́kànlá nìyí tí mo ti ń tú u láràárọ̀ tí mo tún ń tẹ́ ẹ.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó pẹ́ kí n tó kó owó yẹn jọ, bí mo bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn, ta ni yóò sọ ibi tí n ó ti dúró fún mi? Bó bá tán kí èmi tó tán ńkọ́? Ìwọ náà ní ìyàwó àti ọmọ tí ò ń bọ́, mi ò fẹ́ wá jókòó lé ọ lọ́rùn. Bí mo bá wà lórí ẹní, ó dà bí ẹni pé mi ò tíì ná nǹkan kan, torí bẹ́ẹ̀dì náà ṣì jẹ́ tuntun, Táòfíkì lè gbà á padà.

Láàárọ̀ yìí náà ni Bàbá Ògúnlànà wá mú ewúrẹ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. Ó ní Ìyá Ọmọ́wálé, àlejò tí ẹ ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè látọjọ́ yìí ha nìyí, ẹ ò bá ti wí fún mi kí n tètè mú un wá. Ó ní ewúrẹ́ òun ò lọ sí pósíọ́fíìsì, kò fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan kan, ó sì ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ṣáájú mi. Mo ní kó mú ewúrẹ́ rẹ̀ kúrò nílé mi kí n tó fi í ṣe iléyá. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ títí ó fi dé ilé.

Mo fọ ṣíìtì náà. Oòrùn mú, ó ti gbẹ kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán. Mo lọ̀ ọ́. Nígbà tí a fẹ́ tẹ́ ẹ, èmi di igun méjì mú, Ṣubúọlá di méjì mú, a nà án. Ibẹ̀ ló ti bi mí pé ní Rẹ́sì-háòsì, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ẹni tó bá ti sanwó ni. Ó bi mí pé ta ló san ti eléyìí. Mo ní èmi ni. Ó ká igun méjèèjì tirẹ̀ sábẹ́ tìmùtìmù. Mo bi í pé ṣé mo gbọ́dọ̀ jáde kúrò níbẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀la, torí bẹ́ẹ̀ ni òfin Rẹ́sì-háòsì. Ó ní rárá, Ìyá, ẹ ti san gbogbo ọjọ́ rẹ̀ pátá.

Nítorí náà mo jókòó sétí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń sọ̀rọ̀ tó ń kọ yìí. Ó rọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń rí lára àwọn èrò nìyí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Fi ṣílè márùn-ún ránṣẹ́ sí mi, bébà ni kó jẹ́, má ṣe wàhálà láti lọ̀ ọ́, n ó lọ̀ ọ́ fúnra mi. Kì í ṣe pé mi ò ní. Mo fẹ́ fi tìrẹ kọ́ ọwọ́ mi ní ìnáwó ná, kó tó kan tèmi. N ó fi ra wàrà agolo kan àti ṣúgà onígun, n ó sì mu ún títí yóò fi tán, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Bí ọwọ́ mi bá ti mọ̀ ọ́n, n ó padà lọ bá akọ̀wé yẹn.

Jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ mi sókè díẹ̀ kí n tó ṣàdúrà fún ọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwọ náà jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nígbà tí eyín rẹ ṣì pé lẹ́nu. Kí ó fún ọ ní ọmọ tí yóò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Kí ibikíbi tí o bá fi ẹ̀yìn lé rọ̀ fún ọ, kí ìwọ àti ìyàwó rẹ àti

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá ò parí èyí. Mo rò pé wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ ni, àṣé oorun ti gbé wọn lọ. Mo ti fi ìrọ̀rí kan sábẹ́ orúnkún wọn. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú méje ni wọ́n dùbúlẹ̀.