Ẹni Tó Jókòó ní Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọgá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín ti ń rẹ́rìn-ín? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, àmọ́ kò jẹ́ kó dá òun dúró nídìí iṣẹ́ káfíńtà. Ọ̀nà tí o bá ń tọ̀ kò ní dí mọ́ ọ lójú.

Nǹkan pẹlẹbẹ bí ìka tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ wa. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti bàjẹ́ lọ́nà ni, nítorí mo mì ín lẹ́bàá etí, n kò gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Àbúrò rẹ obìnrin ló tì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ní fíìmù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn tó pọ̀ tó yẹn ṣe há sínú ohun tí kò gùn tó ìka kò yé mi, àmọ́ ẹ̀yin ará ìlú ńlá lẹ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a jẹun tán, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Bàbá rẹ lọ wọ ẹ̀wù, ó ní kò dáa kí àlejò bá òun bẹ́ẹ̀.

Nínú ti àkọ́kọ́, obìnrin kan ń ta ilé mọ́ bàbá rẹ̀ lórí. Bàbá náà ń sùn nínú yàrá, àwọn tó fẹ́ ra ilé ń wọn ògiri. Inú bí bàbá rẹ, ó ń sọ fún bàbá inú fíìmù náà pé kó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kò gbọ́. Mo ní bóyá etí rẹ̀ ti di, arúgbó ni. Ó dùn, àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ lọ bẹẹrẹ láìtíì sọ ibi tí bàbá náà máa sùn.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà kan ń bá ìyàwó rẹ̀ jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan sì ń ti bẹ́ẹ̀dì kọjá lẹ́yìn wọn. Ó gbé èjìká òsì ga ju ọ̀tún lọ. Ìwọ náà mọ ẹni tó ń rìn báyẹn. Mo wo àbúrò rẹ, ó wò mí. O mọ̀ pé láti ọdún mọ́kànlá tí bàbá rẹ ti lé ẹ̀gbọ́n rẹ jáde nítorí pákó tó gé bàjẹ́, a kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí.

Ìkẹta, fíìmù ẹ̀rín ni. Onígbàjámọ̀ kan fá orí oníbàárà dé ìdajì, oorun bá gbé e lọ. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì. Lórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀gbọ́n rẹ ló jókòó. Ó ti sanra díẹ̀. Irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti ń funfun. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan kò rẹ́rìn-ín, àwa ló ń wò. Ó wo bàbá rẹ. Ó wá wo ìkòkò omi tó wà lẹ́yìn mi, bí ẹni tó ń wò ó bóyá a ti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo kí i, mo bi í bóyá ó ti jẹun. Bàbá rẹ ló sọ pé ọmọ òun nìyẹn, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. Ó dìde tòun ti orúnkún, ó ní ọ̀rọ̀ pákó ti tán, pé igi ń hù nínú igbó lójoojúmọ́, ọmọ kì í hù. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọwọ́ ti àga, ó dìde. Onígbàjámọ̀ bá kọjá níwájú rẹ̀, a ò rí i mọ́.

Àbúrò rẹ dá fíìmù náà padà sẹ́yìn kí a lè tún rí i. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, oníbàárà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irun, àga náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹfà, àga lásán. A tún wo ti ilé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó ti bẹ́ẹ̀dì kọjá. A pe ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní eruku nìkan ni òun bá níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá wà nínú fíìmù kì í kúrò níbẹ̀. Mo ní kò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni.

Bàbá rẹ ò bá a jiyàn. Ó ní ọmọ òun ti gbéra ni. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti ń kan ibùsùn, kò sì wọ̀n ọ́n fún ọmọ ogún ọdún tó jáde nílé, ọkùnrin tó jókòó sórí àga yẹn ló wọ̀n ọ́n fún. Fóòmù ló kù. Jọ̀ọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kó jẹ́ èyí tó nípọn. Má gba báńkì fi ránṣẹ́ o, ẹ̀rọ wọn ní kí n tẹ ìka mi kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni, ìka tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ti gún láti kékeré, ló bá ní èmi kọ́. Fi rán awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà wa.

Ọlọ́run a dá ọ sí. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́, ilé tí o bá wọ̀ á gbà ọ́. Bí o bá sì pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ níbikíbi, fà á lọ́wọ́ wálé. Má bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.