Nọ́mbà Méjìdínlógún Tí Mo Ń Gbé Lọ Bá Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọkùnrin, ọkọ mi,

Báwo ni ara rẹ, báwo ni iṣẹ́, báwo ni yàrá tí o ń gbé, ṣé òrùlé rẹ̀ ò jò mọ́? Àwa náà wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá yẹn kò ní jẹ́ kí ìlú náà gbé ọ mì, ọ̀gá rẹ ò ní bínú sí ọ láìnídìí, ẹsẹ̀ tí o fi ń sáré wọ ọkọ̀ láràárọ̀ kò ní yẹ̀. Àbúrò rẹ obìnrin ní kí n kí ọ, ikọ́ rẹ̀ ti lọ. Adìẹ dúdú tí o máa ń bú ti pa ọmọ mẹ́sàn-án, ó sì ti ń rìn bí ẹni pé òun ló ni ilé. Bá mi sọ fún ọkùnrin báńkì tó máa ń kọ̀wé sí mi lórí fóònù ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè pé mo rí ìkíni rẹ̀, mo dúpẹ́, kó má bínú pé n kì í dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kó rọra, torí mo ní ọkọ nílé.

Mo mọ̀ pé o ti ń pe fóònù wa láti nǹkan bí oṣù méjì tí ẹnì kankan ò gbé e. Fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Inú àpótí aṣọ mi ni fóònù náà wà, mo fi ìró mẹ́ta wé e, mo sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí. Ìwọ náà lo fà á, ìwọ lo fi nǹkan kan sínú rẹ̀ tó máa ń ké pín-ín nígbàkigbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, fóònù tí kò sí níbi eré, tí ẹnì kan ò bi í léèrè, àfi kó ṣáà máa ṣòfófó.

Ṣé o mọ̀ pé kí bàbá rẹ tó fẹ́ mi ni wọ́n ti fẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù aláṣọ yẹ́lò yẹn. Ní Sátidé kan, ó ku ìṣẹ́jú kan kí eré parí, àwọn ọ̀tá gbá góòlù wọlé, bàbá rẹ sì ṣubú látorí àga. A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì di aṣọ kan mọ́ wọn lápá, aṣọ náà sì ń wú bíi búrẹ́dì, ó wo nọ́mbà tó jáde, ó ní ti bàbá rẹ ga ju ti gbogbo èèyàn tó tò sórí ìlà lọ. Inú mi dùn, mo wo ojú ìyàwó àwọn aláìsàn yòókù, mo gbé orí sókè díẹ̀. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn. Mo bi í pé ṣé ẹni tó gba máàkì jù ni wọ́n tún ń kọ oògùn fún. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé bàbá rẹ ò gbọdọ̀ fi ojú kan bọ́ọ̀lù, wọn ò sì gbọdọ̀ fi etí gbọ́ ọ, títí sáà yìí yóò fi parí. Bí fóònù ṣe wọ àpótí nìyẹn. Bátìrì rédíò náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, láàárín àwọn bọ́tìnnì.

Ṣùgbọ́n àìgbọ́ náà tún wá burú ju gbígbọ́ lọ. Bí Sátidé bá ti dé, bàbá rẹ á kọjú sí ògiri, wọn ò ní jẹun, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa na etí bóyá àwọn èèyàn á pariwo ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní òpin títì wa. Mo wò ó pé tí bọ́ọ̀lù ò bá pa ọkọ mi, ìrònú bọ́ọ̀lù á pa á. Mo bá ní kí n máa lọ wò ó fún wọn, kí n máa mú ìròyìn rẹ̀ wá sílé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn.

O mọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, bẹ́ǹṣì kan, àga kan tó ń yí, tẹlifíṣọ̀n lókè, dígí gígùn lára ògiri tó dojú kọ ọ́. Níbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ń rí tẹlifíṣọ̀n, mo sì ń rí dígí, mo wá rò pé eré méjì ni wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n gbá góòlù àkọ́kọ́ sínú àwọ̀n wa, mo ka méjì. Káfíńtà tó jókòó tì mí ní ọ̀kan ni, pé ọ̀kan náà ti tó òun. Mo wá rí ẹnì kan láàárín àwọn ọmọ wa tí aṣọ rẹ̀ yàtọ̀, tó wọ ìbọ̀wọ́, tí kì í sáré káàkiri bí àwọn yòókù. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni àgbà wọn, torí ṣe ló dúró sílé, tó ń na ọwọ́ tó ń rán àwọn tó kù níṣẹ́. Góòlù mẹ́ta ni wọ́n fi nà wá lọ́jọ́ yẹn, a ò sì rí ẹyọ kan dá padà.

Nígbà tí mo délé, bàbá rẹ ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ìrọ̀rí mú, wọ́n ń wo ẹnu mi. Ọmọ mi, òótọ́ wà lẹ́nu mi títí dé ẹnu ọ̀nà, n ò mọ ibi tó gbà lọ. Mo ní a fi mẹ́ta nà wọ́n. Wọ́n bi mí pé ta ló gbá wọn wọlé. N ò mọ orúkọ ẹnì kankan, mo bá ní ọ̀gbẹ́ni tó wọ ìbọ̀wọ́ gbá méjì, ẹlòmíràn gbá ọ̀kan. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé aṣọ́lé ló gbá méjì wọlé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, orí ló tiẹ̀ fi kan ọ̀kan. Wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Bí mo ṣe di onírọ́ nìyẹn, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ṣùgbọ́n má rò pé gbogbo rẹ̀ ni irọ́ o. Ohun kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òótọ́, òun ni mo sì fi ń ṣe iyọ̀ sí i. Onígbàjámọ̀ lẹ àtẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí, ó to gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ogún sí i pẹ̀lú nọ́mbà kálukú, ó sì máa ń tún un tò tí eré bá ti parí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, nọ́mbà ẹ̀ẹ́dógún ni wá. Kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, a ti di mẹ́rìndínlógún. Nígbà tó yá a di mẹ́tàdínlógún, lẹ́yìn náà a di méjìdínlógún. Bí wọ́n ṣe ń nà wá náà ni nọ́mbà wa ń lọ sókè, mo ní ẹ wo àánú Ọlọ́run. Àwọn aláṣọ pupa tí wọ́n ń fi gbogbo èèyàn ṣẹ̀sín, tí wọ́n ń na ẹni tó bá ti dé iwájú wọn, nọ́mbà ọ̀kan péré ni tiwọn, láti ìgbà tí mo ti ń lọ síbẹ̀ wọn ò kúrò lórí ọ̀kan. Mo tiẹ̀ ń káàánú wọn. Tí mo bá ti sọ iye tiwa fún bàbá rẹ, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á fún ìrọ̀rí mọ́ àyà, wọ́n á ní mo ṣeun, kí n jókòó kí n sọ bí aṣọ́lé ṣe ṣe é lónìí. Mo ní ayọ̀ ló pọ̀ jù fún wọn.

Ibi tó wá le sí ni pé bọ́ọ̀lù ọ̀hún ti wọ èmi náà lẹ́jẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ sí ẹnu ilé àwọn ọ̀tá, ẹsẹ̀ mi á máa tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó bá wá yí padà sọ́dọ̀ wa, àyà mi á já. Láàárín wákàtí méjì, mo lè yọ̀, kí n sunkún, kí n bú ẹni tí n ò mọ̀ rí, kí n sì tún yọ̀. Èmi àti oníbúrẹ́dì tí a jọ ń wo eré níbẹ̀ ò kí ara wa mọ́, torí ó ní pẹ́nárítì ni, mo ní kì í ṣe pẹ́nárítì, èmi tí n ò mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo rán apá méjèèjì aṣọ ìyàwó olùkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nítorí rẹfirí kan tí mo ń bá jà lọ́kàn. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó wo ara rẹ̀, ó wò mí.

Wọ́n wá sọ fún wa pé Sátidé tó kọjá ni eré ìkẹyìn, pé tí a ò bá borí, wọ́n á lé wa kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńlá, a ó lọ máa bá àwọn kéékèèké gbá, tẹlifíṣọ̀n ò sì ní fi wá hàn mọ́. Mo bi káfíńtà pé kí la ṣe. Ó ní nítorí pé a wà ní nọ́mbà méjìdínlógún ni. Ara mi gbóná. Mo ní ìlara nìyẹn. Nígbà tí a wà ní ẹ̀ẹ́dógún kò sẹ́ni tó rí tiwa rò, ó wá ku méjì péré kí a dé ogún, wọ́n fẹ́ lé wa. Mo gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ nítorí àwọn onílara. Ṣùgbọ́n ohun tó ń já mi láyà jù ni bàbá rẹ. Mo lè fi irọ́ bo góòlù, báwo ni mo ṣe máa fi irọ́ bo odindi ẹgbẹ́ tí kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n á tún ṣubú, bóyá wọn ò sì ní dìde, èmi ni mo sì ṣe é.

Nígbà tí Sátidé dé, ṣọ́ọ̀bù kún débi pé èèyàn méjì ló jókòó sórí àga tó ń yí. Àwọn ọ̀tá ló kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé. Lẹ́yìn ìsinmi, àwa náà dá ọ̀kan padà, oníbúrẹ́dì dì mọ́ mi, mo gbàgbé pé a ń bára wa jà. Ó wá ku ìṣẹ́jú méjì, ọmọ wa gíga kan tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé lórí fò sókè, ó fi báńdéèjì náà kan bọ́ọ̀lù, ó wọlé. Ọkọ mi, n ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo bá ara mi lórí bẹ́ǹṣì. Onígbàjámọ̀ tó ń gé irun lọ́wọ́ la títì kan já láàárín orí oníbàárà rẹ̀, oníbàárà náà ò sì mọ̀, ó ń fò sókè ni.

Onígbàjámọ̀ wá lọ tún àtẹ tò, ó yọ wá kúrò ní méjìdínlógún, ó fi wá sí mẹ́tàdínlógún. Mo figbe ta. Mo ní olè ni, a borí lójú gbogbo ayé, ó sì ń já wa wálẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, nígbà tí wọ́n rí i pé n ò ṣeré, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Káfíńtà fà mí jókòó, ó rọra ṣàlàyé fún mi pé ọ̀kan ni òkè, ogún ni ìsàlẹ̀ pátápátá, pé àwọn tó bá wà láti méjìdínlógún lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ń lé. Ara mi tutù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo Sátidé tí mo ti fi ẹ̀rín gbé nọ́mbà yẹn lọ bá ọkọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

N ò mọ bí mo ṣe rìn délé. Bàbá rẹ ti wà lójú fèrèsé, wọ́n wọ jẹ́sì yẹ́lò tí o rà fún wọn, iwájú rẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bí mo ṣe máa ń jókòó, mo la ẹnu, ẹkún ló jáde. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, wọ́n wá ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ta ni yóò fi góòlù mẹ́ta borí tí yóò ti ẹ̀ẹ́dógún bọ́ sí mẹ́rìndínlógún. Mo ní kí ló dé tí wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, ẹ̀yìn mi ni àwọn máa ń rí ní Sátidé, èmi á dojú kọ ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn á dojú kọ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jókòó ti àwọn, mo máa ń di ẹsẹ̀ àwọn mú tí mo bá ń sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn pé táwọn bá ní àwọn mọ̀, n ò ní jókòó mọ́.

Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo nu ojú, wọ́n ní kí n sọ tòní. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, méjì sí ẹyọ kan, mo sọ ti báńdéèjì. Bàbá rẹ gbọ́ ọ, omi lé ròrò sí wọn lójú, wọ́n wá ní ó dára, ṣùgbọ́n aṣọ́lé dà?

Ní Mọ́ńdè a padà sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní nọ́mbà bàbá rẹ ti já wálẹ̀ dáadáa. Èmi náà ti gbọ́n, kí n tó yọ̀, mo kọ́kọ́ bi í pé ṣé èyí tó já wálẹ̀ ló dára, àbí èyí tó ga. Ó ní èyí tó já wálẹ̀ ni. Mo ní ó ti yé mi, bíi ti bọ́ọ̀lù ni. Ó ní tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ lè wo eré kan, tí mo bá jókòó tì wọ́n.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, kí o sì bá wa wá àyè níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú tí o wà, kí a jókòó tì ọ́, ìwọ lápá kan, èmi lápá kejì, bàbá rẹ láàárín. Fi owó aṣọ ìyàwó olùkọ́ kún un, ojú ń tì mí. Lẹ́tà ni kí o fi dá mi lóhùn, torí fóònù ṣì wà nínú àpótí, bàbá rẹ ló ní kí n fi í síbẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní ìjáde, á ṣọ́ ọ ní ìwọlé. Ayé ò ní gba ayọ̀ rẹ ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Wàá rí ẹni tí yóò jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ tí o bá borí àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá nà ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Tí bàbá rẹ bá bi ọ́ pé ta ló gbá góòlù kejì wọlé, aṣọ́lé ni o.