Mo Mú Ọ̀bẹ Bàbá Yín Lọ sí Báńkì

Àkọ́bí mi, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí gbogbo yín kú làálàá ìlú ńlá. Báwo ni ọkọ rẹ, báwo ni àwọn ọmọ, ṣé ikọ́ àbígbẹ̀yìn yẹn ti lọ? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yín tó ga yẹn, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fi ojú burúkú wò ọ́.

Òrùlé ò jò mọ́, káfíńtà ti tún un ṣe. Fóònù tí o rà fún mi náà ń ṣe dáadáa, àmọ́ ó ti ń purọ́. Lọ́jọ́rú, ó gbé àwòrán òjò sójú, mo bá sáré kó gbogbo aṣọ tí mo sá, mi ò rí ẹ̀kán òjò kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú bí mi, mo dojú ẹ̀ dé orí tábìlì. Nígbà tó yá ni mo wá rò ó pé kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ló ti wá, òjò ọ̀dọ̀ yín ló ń sọ. Ṣé ẹ kó aṣọ wọlé? Bàbá yín ò lè ṣe irú ẹ̀ fún mi. Ó kàn máa gbé imú sókè lẹ́nu ọ̀nà ni, á ní kí n lọ kó aṣọ, kí n tó ká èyí tó kẹ́yìn, òjò ti dé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣì í, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, tó ní òjò ò ní rọ̀, tí gbogbo wa rin gbingbin. Ó ní ayọ̀ ló dí òun nímú.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an rèé. O ní kí n lọ sí báńkì kí wọ́n yọ orúkọ bàbá yín kúrò nínú ìwé wọn kí wọ́n fi tèmi sí i, o sì ní kí n mú ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n dání. Mo ronú títí. Mo kó àwọn ìwé tí o dì ránṣẹ́ sínú báàgì, mo mú fìlà ẹ̀ tí oòrùn ti pa láwọ̀, mo mú okùn ìwọ̀ ẹ̀, mo tún mú ọ̀bẹ tó fi ń ha ìpẹ́ ẹja, èyí tí àtàǹpàkò ẹ̀ ti jẹ èèkù ẹ̀ wọnú. Ilẹ̀kùn báńkì yẹn máa ń há èèyàn sáàárín gíláàsì méjì. Mo kí i, mo wọlé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó kọ̀ kò ṣí. Mo mọ ohun tó fà á lójú ẹsẹ̀: ó rí i pé èmi kọ́ ni mo ni ọ̀bẹ. Mo wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ọkọ mi ló ni ín, pé ó ti kú, pé ọmọ wa ló rán mi. Kò gbà, àfi ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ mi ló tó ṣí.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí fèrèsé béèrè ẹ̀rí. Mo gbé fìlà síwájú ẹ̀. Ó ní ẹ̀rí pé bàbá ti kú lòun ń wí. Mo ní ta ló tún fẹ́ jẹ́rìí jù mí lọ, èmi tí mò ń dá sùn láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó wá rọra bi mí pé irú èèyàn wo ni bàbá. Ẹni tó bi mí nírú ẹ̀ ló fẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀. Mo sọ fún un pé Bàbá Etídò ni tọmọdé tàgbà ń pè é, pé bí ẹnikẹ́ni bá sọnù sínú igbó, ilẹ̀kùn tiwa ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn kí wọ́n tó lọ bá ọlọ́pàá. Mo sọ bó ṣe gbé ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́rùn lọ sódò kí ẹ tó mọ̀ ọ́n rìn, tó ki ẹsẹ̀ yín bọ omi, tó ní kí omi mọ̀ yín. Mo sọ pé kì í fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ tí kò bá tíì ka orí yín pé. Mo sọ ti fóòmù olówó ńlá tí o rà fún un, tó sùn lé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tó ní òun ń rì, tó padà sórí ẹní. Mo sọ bó ṣe ní kí n gbé òun sójú fèrèsé nígbà tí àìsàn wọlé, kó lè máa rí orí igi. Ọmọbìnrin yẹn nu ojú, ó wo inú báàgì mi, ó fa ìwé kan yọ, ó ní ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí tí òun ń béèrè látàárọ̀. Èmi rò pé rìsíìtì ilé ìwòsàn ni.

Ó wá kù kí a tẹ ìka. Lókè ibi tí wọ́n fi ìlà yí ká, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwa tí a tẹ ìka yìí gbà pé ẹni náà kò sí mọ́. Wọ́n ní ìka tìrẹ làwọn ń dúró dè, nítorí náà, gba àyè níbi iṣẹ́ kí o wá. Láti ọjọ́ ìsìnkú lo ò tíì wálé. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni, mi ò bínú.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, kí n ra ọ̀dà sí ọkọ̀ ìpẹja bàbá yín, igi ẹ̀ ti ń là. Má fi gba inú fóònù o, pẹ̀lú gbogbo òjò tó wà nínú ẹ̀ yẹn. Ọ̀nà rẹ á là, àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú mi, o ò ní sunkún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ọmọ mi, mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa, ọkàn mi ò gbà. Irọ́ ni mo pa. Ìka tèmi nìkan ti tó, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọbìnrin yẹn sọ ọ́ fún mi. Mo ki àtàǹpàkò bọ íńkì, mo gbé e dé orí ìwé, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Mo dúró títí tí íńkì fi gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, mo bá kó ẹrù mi, mo wálé. Tí o bá di ọwọ́ mi mú, màá tẹ̀ ẹ́. Wá bá mi lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.