Tíì Tí Mo Bù fún Alábẹ̀wò

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ dìde láìdi tábìlì mú? Ara tèmi le, mo ń jẹun, mo sì ń sùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, ẹ bá mi kí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀rù ti bà mí. Ẹ mọ̀ pé ọdún kan péré ni wọ́n fi gbà mí wò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré yìí. Oṣù tó kọjá ni ọ̀gá àgbà pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn ò gbà mí síṣẹ́ kí n sọ kíláàsì di ṣọ́ọ̀bù tíì. Wọ́n ní alábẹ̀wò ń bọ̀, bí wọn ò bá sì rí ẹ̀kọ́ gidi nínú eré tí mò ń bá àwọn ọmọ ṣe, kí n lọ máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Eré wo? Ohun tí ẹ fi tọ́ mi dàgbà náà ni. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń jókòó lórí páálí mílíìkì nínú ṣọ́ọ̀bù tíì yín ní ọgbà ilé ìwòsàn, tí ẹ sọ mí ní Kí-ló-fà-á nítorí ẹnu mi tí kì í dákẹ́. Ẹ kì í lé mi. Ẹ ó bu omi tútù sínú ife kan, gbígbóná sínú èkejì, ẹ ó ní kí n da ṣúgà sí méjèèjì, kí n wo èyí tó máa kọ́kọ́ yọ́. "Má gba tẹnu mi gbọ́, ojú ẹ ni kó sọ fún ẹ." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ mi. A ju àjàrà gbígbẹ sínú mínírà, a rí i bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lára tó ń gbé e gòkè, tó bá bẹ́ tán, àjàrà á tún rì. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú tíì, dúdú rẹ̀ sì ṣí. Kẹ́mísírì ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ mi ò tètè dárúkọ yẹn fún wọn, kó má baà dẹ́rù bà wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni alábẹ̀wò dé. Bàbá gíga kan ni, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, bíi pé wọ́n fòfin de ẹ̀rín. Nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ ṣe eré ọsàn àti tíì yẹn lójú wọn tán, mo ní kí n ṣàlejò, mo bu tíì fún wọn. Àǹtí mi, inú jọ́ọ̀gì tí a ti fún ọsàn sí ni mo ti bù ú. Bàbá da mílíìkì sí i, wọ́n rò ó, ni mílíìkì bá dì kókó-kókó lójú gbogbo wa. Ọ̀gá àgbà ní, "Mílíìkì tó ti bàjẹ́ lẹ fẹ́ fún àlejò wa mu?" Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó sínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ọsàn ń ṣe fún mílíìkì, èmi tí mo kọ́ wọn ni mo gbàgbé.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà ní kíláàsì mi tí a ń pè ní Ọ̀gá Ṣíbí, torí òun ló ń pín ṣíbí. Kò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ níwájú alábẹ̀wò, ó ní, "Ẹ má bínú sà, mílíìkì yẹn ò bàjẹ́. Ọsàn ló mú un dì. Tíṣà wa ló ṣì jọ́ọ̀gì bù." Ló bá gbé ife méjì tó mọ́, ó bu tíì tí kò lọ́sàn sí ọ̀kan, ọlọ́sàn sí èkejì, ó da mílíìkì kan náà sí méjèèjì. Àwọn yòókù ti ń nàka sí èyí tó máa dì kó tó dì. Bó sì ṣe rí náà nìyẹn. Ọmọ yìí wá gbé èyí tó dáa fún bàbá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Wọ́n mu tíì náà tán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló yẹ kí wọ́n lò, wákàtí kan ni wọ́n fi jókòó sórí àga kékeré, tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè. Ọ̀gá àgbà gan-an fún ọsàn. Lẹ́tà tí wọ́n fi fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá, inú mi sì dùn débi pé mo sunkún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kí alábẹ̀wò tó lọ lọ́jọ́ náà, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ ibi tí mo ti kọ́ irú ìkọ́ni yìí, àti orúkọ ẹni tó kọ́ mi. Mo di bírò mú títí. Àǹtí mi, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n bá bi mí pé ta ló tọ́ mi, mo máa ń ní nọ́ọ̀sì ni yín, nítorí ọgbà ilé ìwòsàn lẹ wà. Ojú ń tì mí nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Lórí fọ́ọ̀mù yìí, mi ò kọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Orúkọ yín ni mo kọ, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, mo sì kọ iṣẹ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó ń ta tíì.

Ẹ ṣeun tí ẹ ò pa mí lẹ́nu mọ́. Ọwọ́ tí ẹ fi po tíì tọ́ mi kò ní rọ. Ẹ ó pẹ́ láyé, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ò ní fojú sunkún wa.

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ sọ di ọmọ yín,
Kí-ló-fà-á.

Àfikún: Ìwọ àbúrò mi tí ò ń ka lẹ́tà yìí sí Àǹtí létí, mo mọ̀ ẹ́ dáadáa. Má fo ibi tí mo ti jẹ́wọ́ nítorí kí wọ́n má baà sunkún. Tó o bá dé ibi fọ́ọ̀mù, rọra kà á, kí o sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.